AA, AS, SS: Ìtàn ẹfolúṣọ̀n tó wà nínú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Ó ṣòro kí á rí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn tó wọ ìgboro Yorùbá tó jẹ́nótáìpù. Ọmọkùnrin kò tíì mọ ilé àwọn òbí ọmọbìnrin tó wù ú tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ti máa bi í pé, “Kí ni jẹ́nótáìpù rẹ̀?” Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í sì í so tọkọtaya pọ̀ láì kọ́kọ́ rí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dárúkọ ẹfolúṣọ̀n láàárín àwọn èèyàn kan náà, ohùn á yí padà: tíọ́rì lásán ni, ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ọ̀bọ ló bí wa ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ṣeé yà nípá. Lẹ́tà méjì tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé àyẹ̀wò yẹn wà lára ẹ̀rí tó fojú hàn jù lọ pé ẹfolúṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ ènìyàn, ilẹ̀ tiwa yìí sì wà lára ibi tí iṣẹ́ náà ti hàn jù.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí jíìnì. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni DNA wà, bí ìwé gígùn kan tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G àti T. Ẹ̀dà kan ìwé yìí ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, èkejì ti ọ̀dọ̀ bàbá, lẹ́tà inú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì tó bílíọ̀nù 3. Jíìnì ni abala ìwé náà tó ń sọ fún ara bí yóò ṣe pèsè èròjà kan. Nǹkan bí 20,000 irú abala bẹ́ẹ̀ ló wà. Ọ̀kan nínú wọn, tó wà lórí kromosóòmù 11, ló ń sọ bí a ṣe ń ṣe apá kan nínú hemoglobin, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, tó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní A, a ó rí GAG ní ojúkò kan. Nínú ẹ̀dà S, GTG ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Èyí kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí àmì orí kan péré ló ya ọkọ tó fẹ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Bí hemoglobin S bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, ńṣe ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ra, yóò di ọ̀pá gbọọrọ, yóò sì ti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó rí roboto tẹ́lẹ̀ títí tí yóò fi tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀, tó sì ti le, kò lè yọ́ gba inú iṣan tóóró kọjá mọ́. Á dí ọ̀nà, egungun á sì máa ro ẹni náà bí ẹni pé wọ́n ń fọ́ ọ. Àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di àdììtú. Kí ìṣègùn òde òní tó dé, ọ̀pọ̀ ọmọ SS ni kì í dàgbà débi tí òun náà yóò fi bímọ. Ọmọ SS kọ̀ọ̀kan tó kú sì ń kó ẹ̀dà S méjì lọ sínú ilẹ̀. Bí irú òfò bẹ́ẹ̀ bá ń bá a lọ láti ìran dé ìran, ó yẹ kí S ti di ohun tí a kàn ń gbúròó. Àmọ́ ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ẹni tó ní ẹ̀dà A kan àti ẹ̀dà S kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́dún 1949, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, J. B. S. Haldane, dá a lábàá pé àrùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó ń ṣe àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà lè máa gbilẹ̀ nítorí pé ó ń dáàbò bo àwọn kan lọ́wọ́ ibà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Anthony Allison, tú iṣu ọ̀rọ̀ S ní tirẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó rí i ní Kẹ́ńyà pé AS pọ̀ ní etí òkun àti ní agbègbè Adágún Victoria níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹni, pé ó sì ṣọ̀wọ́n lórí òkè níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí ibà ràn. Lọ́dún 1954, ó tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde pé àwọn ẹlẹ́dà S kan ń bọ́ lọ́wọ́ ibà. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ewu kí ibà líle kọ lu ọmọ AS fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dín sí ti ọmọ AA. Ibà ń pa lára àwọn AA, fòníkú-fọ̀ladìde ń pa àwọn SS, àwọn AS sì ń yọ nínú méjèèjì, wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń pín S fún àwọn ọmọ wọn. Kò sí ẹni tó jókòó yan ẹnikẹ́ni. Àyíká ló ń dá àwọn kan sí ju àwọn mìíràn lọ, tí ohun tí a jogún sì ń tipa bẹ́ẹ̀ pọ̀ tàbí dín kù láti ìran dé ìran. Gbogbo ohun tí ẹfolúṣọ̀n túmọ̀ sí ní ìpìlẹ̀ kò ju èyí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí Charles Darwin gbé ìwé rẹ̀ lórí ẹfolúṣọ̀n jáde ní 1859, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ jíìnì.

Ẹni tó bá ní tíọ́rì lásán ni, ìtumọ̀ ẹnu ọjà ló ń lò. Ohun tí a kàn rò, tí a kò tíì dán wò, àbá ni sáyẹ́ǹsì ń pè é. Àbá tó bá ti la ọ̀pọ̀ àdánwò kọjá láì wó, tó sì so ẹ̀rí tó tú ká pọ̀ sójú kan, ìgbà yẹn ló tó di tíọ́rì. Pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa àìsàn, tíọ́rì ni òun náà. Síbẹ̀ dókítà kan kò jẹ́ tìtorí ìyẹn fi ọwọ́ ìdọ̀tí ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ S ṣe yege nínú àdánwò. Bó bá jẹ́ pé ibà ló gbé e ró, a jẹ́ pé ibi tí ibà ti jà rí ló yẹ ká ti bá a, ohun yòówù tí àwọ̀ ará ibẹ̀ ìbáà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí: ó wà láàárín àwọn ará Gíríìsì, Íńdíà àti Saudi Arébíà. Ẹ̀dà C tí àwa náà mọ̀ nínú AC àti SC tún ya ni lẹ́nu jù. Ojúkò kan náà tí S ti yí padà ni òun náà ti yí, àmọ́ AAG ló wà níbẹ̀ dípò GTG. Burkina Faso àti àríwá Gánà ló ti pọ̀ jù, ó sì ń dáàbò boni lọ́wọ́ ibà bákan náà.

Àtakò kejì ni pé kò sí ẹni tí ó ṣojú rẹ̀. Ó ti ṣojú àwọn ará Màláwì. Ní 1992, nínú kòkòrò ibà 100 tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, nǹkan bí 85 ló ní ìyípadà jíìnì tí kò jẹ́ kí oògùn ibà tó ń jẹ́ chloroquine ràn wọ́n. Ní 1993, ìjọba dáwọ́ lílo oògùn náà dúró. Nígbà tó fi máa di 2000, iye náà ti já sí 13. Ìyípadà ọ̀hún máa ń ni kòkòrò lára. Níwọ̀n ìgbà tí chloroquine wà, ó jèrè ẹrù tó rù, ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn lọ, àwọn tí kò rù ú bẹ̀rẹ̀ sí bímọ ju àwọn tó rù ú lọ. Láàárín ọdún mẹ́jọ péré, àyíká yí, ìran kòkòrò náà sì yí tẹ̀ lé e.

Ti ọ̀bọ ńkọ́, tí wọ́n ní bó bá bí wa, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì wà nígbó? Tíọ́rì yìí kò sọ pé ọ̀bọ òde òní bí ẹnikẹ́ni. Èdè Yorùbá, Ìtsẹkírì àti Ìgalà jọra nítorí pé ìyá kan náà ló bí wọn. Kò sí ẹni tó lè ní Ìgalà ló bí Yorùbá, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìdí tí Ìgalà ò fi tíì kú. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àwa àti inàkí ṣe rí: mọ̀lẹ́bí ni wá, a kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Apá hemoglobin tí jíìnì orí kromosóòmù 11 yẹn ń ṣe, èròjà kéékèèké 146 ló so kọ́ra nínú rẹ̀. Nínú 146 yìí, kò sí ẹyọ kan tó yàtọ̀ láàárín tiwa àti ti ṣinpansíì. Ẹyọ kan ló ya tiwa sọ́tọ̀ kúrò lára ti gòrílà. Ẹni tó gbà pé ìyípadà kékeré lè wáyé, àmọ́ tó ní kò lè pọ̀ débi tí ẹ̀dá méjì yóò fi yapa, ní láti sọ ohun tó dá a dúró lójú ọ̀nà. Ní ti ẹ̀sìn, póòpù Ìjọ Àgùdà kọ̀wé ní 1950 pé wọ́n lè ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, òmíràn sì sọ ní 1996 pé ó ti kọjá àbá lásán. Bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni sáyẹ́ǹsì ń wádìí. Ẹni tó fi àwọn nǹkan náà lọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí máíkírósíkóòpù lè fi hàn.

Tíọ́rì yìí kò sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ kan sàn ju èkejì lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago, níbi tí ibà kò sí, S kò ní èrè kankan fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀, ewu rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹfolúṣọ̀n kì í wo iwájú. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́rin tí wọ́n ń sọ pé ọmọ wọn lè jẹ́ SS kì í ṣe pé ọmọ mẹ́ta á yè kí ọ̀kan tó jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ lákọ̀tun, bí ẹni tún owó ẹyọ sọ sókè.

Èrò pé kòkòrò ibà lè yí padà láti bọ́ lọ́wọ́ oògùn ló mú kí Nàìjíríà pa chloroquine tì ní 2005, tó sì gba oògùn tí wọ́n ń pè ní ACT. Oògùn méjì ni wọ́n pa pọ̀ sínú rẹ̀, torí pé kòkòrò kan lè bọ́ lọ́wọ́ oògùn kan, àmọ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà ṣòro gan-an. Wọ́n ti ń rí àwọn kòkòrò tó ń ta ko apá kan nínú rẹ̀ ní Rùwáńdà àti Ùgáńdà báyìí. Nítorí náà, ẹni tó lo ìdajì páálí, tí ara rẹ̀ yá, tó sì fi ìyókù pamọ́ de ibà mìíràn, kò fi owó pamọ́. Kòkòrò tí kò lágbára ló pa. Èyí tó lágbára ló dá sí, tí ẹ̀fọn yóò gbé lọ fún ará ilé kejì.