Ojúde, Ọ̀ọ̀dẹ̀ àti Ìyẹ̀wù: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Orílẹ̀-èdè Pe Àlejò Òkèèrè

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn nínú wa lè wí pé, "Kí ló kan Ifá níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ìjọba kọ́ ni?" Ó kàn wá gan-an. Bí ìjọba bá fẹ́ fi nǹkan han àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdún òrìṣà, igbó òrìṣà, eégún àti Ifá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ọ̀dọ̀ wa ni ọjà tí wọ́n ń polówó wà. Ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń tà nínú rẹ̀, ohun tí a kì í tà, àti ẹni tí owó rẹ̀ ń tọ̀ lọ.

Ohun tó wà lórí àtẹ ni à ń pè

Ìjọba àpapọ̀ ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1977, FESTAC kó àwọn ènìyàn dúdú káàkiri àgbáyé jọ sí Èkó àti Kàdúná. Ní 2009, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili jẹ́ mínísítà ìròyìn, wọ́n gbé ìpolongo kan jáde pé ènìyàn rere ni wá, orílẹ̀-èdè ńlá sì ni tiwa. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kiri ẹ̀kọ ní Ìsẹ́yìn kò jẹ́ pariwo pé ènìyàn rere ni òun. Ẹ̀kọ gbígbóná ni ó ń pè. Ohun tó wà lórí àtẹ rẹ̀ ni ó ń dárúkọ, ẹni tí ebi ń pa á sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó wà lórí àtẹ tiwa kò kéré. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ogún iyebíye ọmọ aráyé tí a kò lè fọwọ́ kàn. Ó wọ ìwé wọn ní 2008. Ní 2005 kan náà ni Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wọ ìwé ogún àgbáyé, lẹ́yìn Sukur tí ó ti wọ̀ ọ́ ní 1999. Ní Òkè-Ògùn wa níhìn-ín, adágún Ìyáké wà lórí òkè àpáta Adó-Àwáyé, tí à ń gba àtẹ̀gùn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún gùn. Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ sọ di tirẹ̀ ní 1991. Ní Ìsẹ́yìn, ẹsẹ̀ títì ni àlejò yóò ti máa gbọ́ ìró òfì, tí yóò sì rí sányán, ẹtù àti àlàárì. Ẹ jẹ́ kí á dárúkọ nǹkan wọ̀nyí fún aráyé, kí á yé yin ara wa.

Ìpín mẹ́ta inú ilé

Ilé àwọn baba wa ní ojúde, ó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì ní ìyẹ̀wù. Gbogbo ayé ló lè dé ojúde. Ẹni tí a bá mọ̀, tàbí tí a bá pè, ni ó ń jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Onílé nìkan ló ń wọ ìyẹ̀wù. Àlejò tó ti ojúde bọ́ sí ìyẹ̀wù, a kì í pè é ní àlejò mọ́.

Ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ fi èyí hàn kedere. Arugbá gbé igbá jáde láti ààfin Àtáója, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ń wò ó, Yorùbá ń wò, òyìnbó ń wò, ẹ̀rọ fọ́tò ń tàn yẹ̀ẹ̀. Ta ni nínú wọn ló rí ohun tó wà nínú igbá? Kò sí. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó bínú lọ ilé. Wọ́n ti rí ojúde, wọ́n sì mọ̀ pé ìyẹ̀wù wà. Bí a bá ṣí igbá yẹn lọ́jọ́ kan nítorí dọ́là, lọ́dún kejì kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò wá wò.

Orò náà ńkọ́? Obìnrin kì í rí Orò. Àlejò obìnrin tó san owó ọkọ̀ òfurufú wá sí ìlú wa, tí a sì wá ní kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, a ti ṣẹ̀ ẹ́ bí a kò bá ti sọ fún un kí ó tó kúrò nílé. Kò sí ìtìjú nínú sísọ rẹ̀. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó gan-an pé: ọjọ́ báyìí, obìnrin kì í jáde.

Ẹni tí wọn kò pè

Ẹ̀yin awo mọ ìtàn Ọ̀ṣun nínú Ọ̀ṣẹ́ Tùúrá. Àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin mẹ́rìndínlógún dé ayé, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n ṣe igbó, wọn kò pe Ọ̀ṣun sí i. Ohun gbogbo dàrú. Ìgbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹni ìketàdínlógún tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú ni wọ́n gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí nígbà tí wọ́n bá ń pe ìpàdé lórí ìrìn-àjò afẹ́. Olótẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, oníléeṣẹ́ wà níbẹ̀, àwòrò ni kò sí. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ènìyàn má mu omi odò náà, nítorí ìwakùsà wúrà ti bà á jẹ́. Odò tí a fi ń pe aráyé, ara ilé kò lè bù ú mu! Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ṣùgbọ́n gbèsè omi, onílé ló ń san án kí àlejò tó dé.

Ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn ará wa wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, wọ́n ṣe àjọyọ̀ ńlá kan ní Ouidah ní oṣù kejì 1993. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ọjọ́ 10 oṣù kìíní di ọjọ́ Vodun fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ yẹn kì í yẹ̀. Ẹni tó wà ní Bràsíìlì lè ti fi owó pamọ́ dè é. Ní 2024, wọ́n sọ ọ́ di Vodun Days, wọ́n fi eré orin ìgbàlódé kún un. Eré orin kọ́ la ní kí a kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Tiwa ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2023, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún òrìṣà wa ni ó jẹ́ pé ó máa ń ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó kéde ọjọ́ rẹ̀. Ifá kò ní kí á má tètè bèèrè. A lè dá Ifá ọjọ́ ọdún sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú.

Ọkùnrin tó mú ikin wá

Àlejò kan láti Amẹ́ríkà wá bá wa ní Ìsẹ́yìn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó mú ikin rẹ̀ dání. Ó ní wọ́n ti tẹ òun ní Ifá ní ìlú ńlá kan. A béèrè Odù tó bí i, kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò sọ fún un. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, owó tó san sì tó ra ọkọ̀. A kò lè purọ́ fún un. Nígbà tí ó gbọ́ òótọ́, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí á sùn. Irú ọkùnrin yẹn kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́ lásán. Ọmọ tí wọ́n kó lọ ni, tó ń wá ilé rẹ̀ bọ̀. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni àyè rẹ̀, kì í ṣe ojúde. Bí ó bá sì fẹ́ wọ ìyẹ̀wù, ọ̀nà rẹ̀ wà, ó ní iye ọjọ́, ó ní ẹ̀kọ́. A kò ní ẹ̀bi pé ó wá. Ẹ̀bi wa ni pé kò rí ibi tí yóò ti bèèrè.

Àbá wa

Ìkínní, kí ìwé ìpolówó dárúkọ ibi, ọdún àti ọjọ́, kí ó sì sọ èèwọ̀ ibẹ̀. Ìkejì, kí àwòrò àti awo jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín owó àti ètò, kí ahunṣọ tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ náà rí tirẹ̀ gbà. Ìkẹta, kí ìgbìmọ̀ wa tẹ ìwé pélébé kan jáde, tí yóò sọ iye ọjọ́ ìtẹ̀fá, ohun tí àlejò gbọ́dọ̀ bèèrè, àti awo tí a mọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Èyí kò dúró de ìjọba. Àwa ni yóò ṣe é.

Àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ló yẹ kó mú un lọ́wọ́, kí ó fi ojúde hàn án, kí ó gbé àga fún un ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kí ó sì fi ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù sílẹ̀ ní títì.