Ohun Yíyọ̀ tí Ń Bẹ Nínú Àmù Omi

Bí ìyá ilé kan bá da omi ìsàlẹ̀ àmù rẹ̀ nù, tí ó sì fi ọwọ́ pa inú rẹ̀, yóò kan ohun kan níbẹ̀ tí ń yọ̀ bí omi ilá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èérí lásán ni. Ilé ni ohun náà. Àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí a ń pè ní bakitéríà, ni ó kọ́ ọ, tí wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀. Irú rẹ̀ wà lára òkúta odò, ó sì wà lára eyín wa ní òwúrọ̀ kí a tó fi orín fọ̀ ọ́.

Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ará Delft ní ilẹ̀ Holland, ha èérí ara eyín rẹ̀, ó sì fi awò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wò ó. Ní ọdún 1683 ni ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn amòye ní Lọ́ńdọ̀nù nípa àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ó rí tí ń rìn nínú rẹ̀. Ó fi ọtí kíkan fọ ẹnu, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó wà ní ẹ̀yìn èérí náà nìkan ni ó kú. Ọtí kíkan náà kò wọ inú lọ.

Kí ni ó dá a dúró? Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń kọ́ ilé náà. Bakitéríà tí ó dá wà a máa lúwẹ̀ẹ́ kiri; ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìrù bí òwú tí wọ́n fi ń tu ara wọn. Bí ọ̀kan bá kan ara ìkòkò, ó lè bà lé e díẹ̀ kí ó tún lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ jókòó, yóò pa ìrù tì, yóò sì máa tu oje kan jáde tí ń lẹ̀ bí àtè. Oje yìí ni amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ilé. Wọ́n ń bí sí i, àwọn àlejò ń dé bá wọn, wọ́n sì ń fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ láàárín ògiri kí omi lè máa gbé oúnjẹ wọlé. Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́ tó, nítorí náà wọ́n a dàbí ẹni tí ó sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn kì í pa àfi èyí tí ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n oògùn tí yóò ṣẹ́gun wọn nínú ilé yìí lè tó ìlọ́po 1,000 èyí tí ó pa àwọn tí ń dá lúwẹ̀ẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn oníṣègùn fi sábà máa ń yọ rọ́bà ìtọ̀ kúrò lára aláìsàn bí wọ́n bá ti kọ́lé sínú rẹ̀. Fífi omi ṣan àmù kò tó pẹ̀lú. Kànrìnkàn àti ọṣẹ ni a fi ń ha á.

Ta ni ń pàṣẹ fún wọn? Ní ọdún 1987, Moshe Benziman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ròyìn èròjà kékeré kan tí à ń pè ní cyclic di-GMP. Bí ó bá pọ̀ nínú bakitéríà, yóò jókòó kọ́lé. Bí ó bá dín, yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sì ní ohun tí ó dàbí ọ̀rọ̀ sísọ. Olúkúlùkù ń tu èròjà kan sínú omi; bí wọ́n bá ti pọ̀ tó, èròjà náà yóò pọ̀, gbogbo wọn yóò sì mọ̀ pé ọjà ti kún. Ní ọdún 1970 ni a rí èyí ní Amẹ́ríkà lára àwọn bakitéríà òkun tí ń tan ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 1998 a sì rí i pé irú kan, Pseudomonas aeruginosa, tí kò lè tu èròjà rẹ̀, kọ́ ilé pẹlẹbẹ tí ọṣẹ tú ká.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti kòkòrò àrùn onígbáméjì: nígbà tí ọjà bá kún ni òun ń ṣíwọ́ ilé kíkọ́. Nínú omi odò àti adágún, ó a máa lẹ̀ mọ́ ara àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan tí ó jẹ́ ìbátan edé. Kòkòrò tí ó dá wà lè gba ojú aṣọ kọjá, ṣùgbọ́n èyí tí ó gun edé kékeré kò lè kọjá. Nítorí náà ni Rita Colwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kọ́ àwọn obìnrin abúlé ní Bangladesh láti fi ògbólógbòó aṣọ sárì, tí a ṣẹ́ po ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, sẹ́ omi wọn. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé nínú gbogbo 100 ènìyàn tí àrùn náà ìbá mú, 48 ni ó bọ́.