Kí Ẹ Tó Wakọ̀ Kọjá láti Ìlú Ọba sí Ilẹ̀ Faransé

Àwọn kan nínú wa tí ń gbé ní Ìlú Ọba, àti àwọn tí ọmọ wọn wà níbẹ̀, máa ń fẹ́ fi ọkọ̀ ara wọn lọ sí Faransé, yálà fún ìgbéyàwó ní Paris tàbí láti lọ kí ẹbí. Ọ̀nà náà kò ṣòro. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dover kí ẹ sì dé Calais ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Ẹ sì lè wa ọkọ̀ yín wọ inú ọkọ̀ ojú irin ní Folkestone, èyí tí ń gba abẹ́ òkun kọjá ní ìṣẹ́jú 35. Ṣùgbọ́n bí ohunkóhun yóò bá dá yín padà, ìwé ni yóò jẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹni tí ó bá mú páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba físà Schengen kí ó tó wọ Faransé, bó ti wù kí ó pẹ́ tó ní Lọ́ńdọ̀nù, àfi bí ó bá ní ìwé ìgbé ti ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ Schengen. Àṣẹ láti gbé ní Ìlú Ọba, ìbáà jẹ́ ti títí láé, kò kọjá Ìlú Ọba. Ẹ má sì ṣe wo ìwé awakọ̀ nìkan. Nínú ọkọ̀ kan náà, ìyá àti àwọn ọmọ lè mú páásípọ́ọ̀tì Ìlú Ọba, tí wọn kò sì nílò físà, kí bàbá mú ti Nàìjíríà. Ní Dover àti Folkestone gan-an ni àwọn ọlọ́pàá Faransé ti ń yẹ ìwé wò, kí ènìyàn tó kúrò lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti dá bàbá padà lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Páásípọ́ọ̀tì Ìlú Ọba náà ní òfin tirẹ̀: kò gbọdọ̀ tí ì pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é ní ọjọ́ tí ẹ wọlé, ó sì gbọdọ̀ ṣẹ́ku oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ óò jáde. Láti 12 October 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú àlejò, tí wọ́n sì ń gba ìka ọwọ́ rẹ̀. Ẹ tètè dé ibùdókọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìlú Ọba pẹ̀lú àṣẹ, ẹ ro ti àbọ̀ pẹ̀lú: káàdì ìgbé àtijọ́ ti parí iṣẹ́ ní ìparí ọdún 2024, eVisa ló kù. Páásípọ́ọ̀tì tí ẹ mú dání ni kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ yín níbẹ̀.

Ó kan ti ọkọ̀. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kò ṣiṣẹ́ mọ́ fún ẹni tí ó ti gbé ní Ìlú Ọba ju oṣù 12 lọ. Ó ní láti yege ìdánwò tiwọn. Láísẹ́ǹsì Ìlú Ọba tí ó jẹ́ káàdì tó fún Faransé. Ẹ mú ìwé V5C ti ọkọ̀ dání. Ọkọ̀ tí a háyà ní ìwé VE103 tirẹ̀.

Ìnṣọ́ránsì ni kí ẹ fara balẹ̀ bèèrè. Láti August 2021 a kò nílò káàdì aláwọ̀ ewé mọ́, èyí sì mú kí àwọn kan rò pé ohun gbogbo ti pé. Ohun tí òfin fi dandan lé fún ìrìn-àjò yìí kò ju àtúnṣe ohun tí ẹ bà jẹ́ fún ẹlòmíràn. Ọkọ̀ tiyín lè wà ní ìta. Ẹni tí ó yá owó ra ọkọ̀, tí ọkọ̀ náà sì fọ́ sí ojú ọ̀nà Calais, yóò máa san gbèsè ọkọ̀ tí kò sí mọ́. Ẹ pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín kí ẹ tó lọ, kí wọ́n sì kọ èsì wọn sílẹ̀ fún yín.

Ní Faransé, ọwọ́ ọ̀tún ni à ń wà. Àwọn àgbà wa rántí 2 April 1972 tí Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, nítorí náà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti wakọ̀ nílé. Ìyàtọ̀ ni pé sítíárìn ọkọ̀ Ìlú Ọba wà lápá ọ̀tún, awakọ̀ kì í sì í rí iwájú dáadáa bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ ńlá sílẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹni tí ó jókòó lápá òsì bá yín wò ó. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí títì dá, àti ìgbà tí ẹ bá ń jáde ní ilé epo ni ọwọ́ máa ń gbàgbé. Ní oríta tí kò ní àmì, ẹni tí ó ti ọ̀tún yín bọ̀ ló ni ọ̀nà.

Kìlómítà ni wọ́n fi ń ka eré: 130 lórí títì márosẹ̀, 110 bí òjò bá ń rọ̀, 50 láàárín ìlú. Ìwọ̀n ọtí tí wọ́n gbà láyè kéré sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ń wakọ̀ kò sì gbọdọ̀ ki ohun ìgbọ́fóònù bọ etí. C-caution àti ẹ̀wù tí ń tàn yòò jẹ́ dandan. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ̀wù náà wà, kì í ṣe búùtù. Ẹ lẹ àmì UK mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí kò bá sí lára nọ́ńbà. GB ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti September 2021. Ẹ sì lẹ ohun tí ń darí iná iwájú, kí ó má baà wọ àwọn tí ń bọ̀ lójú.

Ó ku oúnjẹ, a sì mọ ara wa. Ẹran àti mílíìkì kò gbọdọ̀ wọlé láti Ìlú Ọba: kílíṣí, pọ̀nmọ́, ìrẹsì ẹlẹ́ran inú kúlà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè gbà. Iṣu náà kò lè wọlé láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ti ọmọ ọwọ́ tí kò ju kílò 2 lọ kò ní wàhálà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja gbígbẹ tí kò ju kílò 20 lọ.