Ìdènà Èpò Nínú Pápá Koríko Ilẹ̀ Olóoru Láìpa Koríko Lára

1. Ìfáárà

Nínú oko àgbàdo, àgbẹ̀ mọ ohun tí ó gbìn yàtọ̀ sí ohun tí ó hù fúnra rẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ a sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ pápá koríko kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Koríko ni ohun ọ̀gbìn ibẹ̀, koríko náà sì ni púpọ̀ nínú èpò rẹ̀. Wọ́n jọ ń hù nínú erùpẹ̀ kan náà, gbòǹgbò wọn lọ́ mọ́ra, ohun tí ó bá sì pa ọ̀kan lè pa èkejì. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí olùtọ́jú pápá ṣe lè borí èpò láì ṣe koríko rẹ̀ léṣe, pàápàá ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, níbi tí koríko bàhámà (Cynodon dactylon) àti koríko kápẹ́ẹ̀tì (Axonopus compressus) ti wọ́pọ̀ ní àyíká ilé, ilé-ìwé àti pápá ìṣeré.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹwà. Láyé àtijọ́, àgbàlá tí wọ́n gbá mọ́ féfé ni ẹwà ilé Yorùbá. Koríko nínú ọgbà jẹ́ àmì ọ̀lẹ àti ibùba ejò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ṣófo, tí òrùlé páànù ń da omi lé lórí, kì í pẹ́ di ojú àgbàrá. Koríko ni ó ń di erùpẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ẹni tí ó bá fín oògùn ní oṣù Kẹrin, tí oògùn náà sì pa koríko mọ́ èpò, òjò oṣù Kẹfà yóò bá ilẹ̀ rẹ̀ ní ìhòòhò.

2. Kí ni èpò?

Ohun ọ̀gbìn kan kì í ṣe èpò láti inú wá; ibi tí ó hù sí ni ó sọ ọ́ di èpò. Ní ọdún 1977, nígbà tí LeRoy Holm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to àwọn èpò tí ó burú jù lọ láyé lẹ́sẹẹsẹ, Cyperus rotundus ni wọ́n fi ṣe èkínní. Èkejì ni koríko bàhámà, koóko ìgbá tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ohun tí àwọn kan ń fi owó gbìn síwájú ilé ni àwọn mìíràn ń fi ọkọ́ lé nínú oko.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún olùtọ́jú pápá. Bàhámà ní ìtàkùn tí ó ń rìn lórí ilẹ̀, ó sì tún ní òmíràn lábẹ́ ilẹ̀. Oríkèé kọ̀ọ̀kan lè ta gbòǹgbò kí ó sì di koríko tuntun. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó ṣeé pa nínú oko, òun náà ni ó sì jẹ́ kí ó lè dí àlàfo tí èpò bá fi sílẹ̀ nínú pápá. Kápẹ́ẹ̀tì kò ní ti abẹ́ ilẹ̀. Ìtàkùn orí ilẹ̀ nìkan ni ó ní, nítorí náà ọwọ́ àdá tètè ń ká a. Ṣùgbọ́n ó gba òjìji, ó sì gba ilẹ̀ tútù. Bàhámà kò gba òjìji rárá. Ẹni tí ó gbin bàhámà sábẹ́ igi máńgòrò, tí ó wá ń wá oògùn èpò kiri, kò tíì mọ ohun tí ń ṣe é: koríko rẹ̀ ni kò rí oòrùn.

3. Gígé koríko àti ipò ilẹ̀

Púpọ̀ nínú irúgbìn èpò wẹ́wẹ́ kì í hù bí ìmọ́lẹ̀ kò bá kàn wọ́n. Bí koríko bá dí, òkùnkùn ni ìdí rẹ̀, irúgbìn náà a sì máa sùn. Bí wọ́n bá gé e dé ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọlé, oorun pin. Ìdí nìyí tí èpò fi ń gbilẹ̀ ní ọgbà ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ti ń fi àdá fá koríko dé ìdí ní ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ilẹ̀ a mọ́ lójú ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èpò a dé ní ìlọ́po méjì.

Gíga tí ó dára fún bàhámà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4. Ti kápẹ́ẹ̀tì jẹ́ 4 sí 5. Kò yẹ kí gígé ẹ̀ẹ̀kan mú ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí gígé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò. Ẹ̀kan (Imperata cylindrica), tí ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, kò lè fara da irú gígé léraléra bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Èpò tún jẹ́ ẹlẹ́rìí ilẹ̀. Níbi tí gbégi (Eleusine indica) bá ti pọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ti le nítorí ẹsẹ̀ àti ọkọ̀. Kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì ọgbà gún un kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Patanmọ́, tí àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kàn ṣeré tí ẹ̀gún rẹ̀ sì ń gún wọn lẹ́sẹ̀, máa ń borí níbi tí náítírójìn kò tó, nítorí ìdílé ẹ̀wà ni, ó sì lè rí náítírójìn tirẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ajílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà òjò a gba àǹfààní yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Oògùn

Oògùn tí ó ń yan èpò láàárín koríko kò pọ̀. 2,4-D, tí ó dé ọjà ní àárín ọdún 1940 sí 1949, ni ó lókìkí jù. Ó ń ṣe bí èròjà ìdàgbàsókè tí ó wà nínú ewéko. Èpò eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí igbálódé (Tridax procumbens) a máa lọ́, a sì kú nínú ìdàgbàsókè tí kò níjàánu. Koríko lè fara dà á nítorí pé ó ń bà á jẹ́ nínú ara rẹ̀. Síbẹ̀ ìfaradà náà ní ààlà: bàhámà gbà á ju kápẹ́ẹ̀tì lọ, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò sì gbọdọ̀ rí i títí wọn yóò fi gé e bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, koríko fúnra rẹ̀ a jóná. Irú rẹ̀ kan tún wà tí ó ń di oru lọ sínú ọgbà aládùúgbò, tòmátì kò sì lè gbà á rárá. Òwúrọ̀ tí atẹ́gùn dákẹ́ ni ó yẹ iṣẹ́ náà.

Glyphosate kò yan ẹnì kan sí. Ohunkóhun tútù tí ó bá kàn ni ó ń pa dé gbòǹgbò. Bí ẹ̀kan bá ga ju koríko lọ, wọ́n lè fi àkísà tí a so mọ́ ọ̀pá, tí oògùn náà sì rẹ, nu ewé rẹ̀ lókè láìkan ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Fífín in káàkiri pápá jẹ́ píparun pápá. Paraquat ní tirẹ̀, ewé nìkan ni ó ń jó, májèlé líle sì ni fún ènìyàn. Láti ọdún 2024 ni NAFDAC ti fòfin dè é ní Nàìjíríà.

5. Cyperus rotundus

Èyí ni ó ń ṣẹ́gun sùúrù. Ìbátan òfìo ni, ó jọ koríko, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ìka sì lè fi ìyẹn dá a mọ̀ nínú òkùnkùn. 2,4-D kì í ṣe é ní nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀, ó ní kóró tí ó so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Kóró tí ó ti hù ni ó ń dá àwọn yòókù dúró kí wọ́n má hù. Ẹni tí ó bá fọwọ́ tu ewé ti já okùn náà, àwọn tí ó ń sùn á sì jí. Ìdí nìyí tí ọ̀kan fi ń di mẹ́ta lójú ẹni tí ó tú u.

Ní Amẹ́ríkà, halosulfuron ni wọ́n ń fín sí i láàárín bàhámà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta hàn. Níbi tí kò bá sí, ọ̀gbẹlẹ̀ ni ohun ìjà. Kóró wọ̀nyí kò gba gbígbẹ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Kí wọ́n wa ibi tí ó bá ti gbà pátápátá nínú oṣù Kìíní, kí erùpẹ̀ náà wà nínú oòrùn àti ọyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n sì gbin bàhámà síbẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá dé. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá rà láti fi dí ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí nínú irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kóró náà ti sábà máa ń wọ pápá.