Kí ló dé tí orin Fela ìbẹ̀rẹ̀ fi kúrú?

Àjọ tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Grammy kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 pé àwọn máa fi àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbésí ayé dá Fela Aníkúlápó-Kútì lọ́lá, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún un. Láti ìgbà náà, "Zombie" àti "Lady" ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Àwọn orin tó ṣe kí 1970 tó dé, ta ló ń rántí wọn? Ẹni tó bá sì ṣèèṣì gbọ́ wọn á ní wọ́n kúrú jù, á ní Fela kò tíì mọ ohun tó ń wá nígbà yẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ara àwo fúnra rẹ̀ ni kí a ti kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀.

Ìlà kan ṣoṣo ló wà lójú àwo. Ó lọ́ po láti etí títí dé àárín, abẹ́rẹ́ sì ń tọ̀ ọ́ lọ. Ibi tí ìlà bá parí sí ni orin parí sí. Àwo kékeré onínṣì 7, tó ń yí nígbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ lójú kan. Àwo ńlá onínṣì 12, tí kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, lè gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìró tó wúwo ló ń jẹ àyè jù, ìyẹn ìró ìlù ńlá àti ti gìtá béèsì. Ó ń mú kí ìlà máa fì sọ́tùn-ún sósì, bó bá sì ṣe ń fì tó ni yíyí kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì, kí wọ́n má baà wọnú ara wọn. Ẹni tó ń gé àwo máa ń dín ìró náà kù, ẹ̀rọ tó ń lu àwo á wá dá a padà. Síbẹ̀, bí olórin bá fẹ́ kí ìlù òun rinlẹ̀ dáadáa, àkókò orin rẹ̀ ló máa dínkù.

Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n fi èyí há mọ́. Fela ti kọrin pẹ̀lú Victor Ọláìyá kó tó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Ibẹ̀ ni jáàsì ti wọ̀ ọ́ lára, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló sì ń fọn. Ó padà sí Èkó ní 1963, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò NBC, ó tún ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Koola Lobitos, tò, Tony Allen sì dára pọ̀ mọ́ wọn nídìí ìlù ní 1964. Jáàsì àti háíláífù ni wọ́n ń pò pọ̀. Nínú "Olólùfẹ́ Mi" àti "Onífèrè", ohùn rẹ̀ ṣì tutù, kò tíì máa pariwo mọ́ ìjọba. Fèrè á bẹ̀rẹ̀, yóò kọrin díẹ̀, ẹnì kan á fọn tirẹ̀ ní ráńpẹ́, àwo tán.

Ṣùgbọ́n ní ilé ijó Kakadu ní Alágọmejì, Yaba, tó padà di Afro-Spot, ta ló máa ní kó dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta? Wọ́n gba orin díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lójú èrò, títí kan orin búlúùsì àwọn ará Amẹ́ríkà kan.

Àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń fi ìrìn-àjò 1969 sí Los Angeles, níbi tó ti pàdé Sandra Smith, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣe orísun gbogbo ìyípadà rẹ̀. Ní ti ìṣèlú, òótọ́ ni. Ní ti gígùn orin, ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń fún ìrìn-àjò yẹn ní ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ. "Lady" ti 1972 gba ojú àwo ńlá kan tán, ó lé ní ìṣẹ́jú 13. "Confusion" ti 1975 gba ojú méjèèjì. Ní àwọn ọdún kan náà, Ebenezer Obey àti Sunny Adé náà ń kọrin kan wọ òmíràn títí ojú àwo á fi kún, àwọn kò sì bá Sandra pàdé. Àwo ńlá ló dé ọwọ́ gbogbo wọn.

Ohun mìíràn tún wà tó ń tì mí lẹ́yìn. Ní Shrine, ilé orin rẹ̀ ní Ìdí-Òrò, Múṣin, Fela á máa lu orin tuntun fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbé e lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀, bó bá sì ti di àwo, kò tún ní lù ú lórí ìtàgé mọ́. Èrò inú agbo ló ń gbọ́ orin náà kí àwo tó gbọ́ ọ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Yaba, àfi pé àwo ìgbà náà kò lè gbà á tán. Ẹni tó bá fẹ́ fetí ara rẹ̀ dán èyí wò, kó wá àkójọ onídíìsì mẹ́ta tó ń jẹ́ "Highlife-Jazz and Afro-Soul", kó sì máa fọkàn bá ìlù Tony Allen lọ; níbi tí ìlù yẹn bá ti ń gbóná ni orin sábà máa ń tán.