Ẹ Wo Yunifásítì Kí Ẹ Tó Yan Kọ́ọ̀sì

Àwọn kan nínú wa ń yá owó ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí owó náà ń gbà.

Ní ìpínlẹ̀ California, ọmọ lè ṣe ọdún 2 àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí wọ́n ń pè ní community college, kó wá kọjá sí yunifásítì lọ ṣe ọdún 2 tó kù. Owó kọ́lẹ́ẹ̀jì kéré sí ti yunifásítì dáadáa. Yúnítì 60 ni wọ́n sábà máa ń kó jọ kí wọ́n tó kọjá.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: yúnítì 60 lè pé, kí iṣẹ́ má tíì pé. Ẹni tó bá fẹ́ gba dìgírì nínú sáyẹ́ǹsì àyíká, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, wọ́n á béèrè kẹ́mísírì, báyọ́lọ́jì àti ìṣirò calculus lọ́wọ́ rẹ̀. Ibòmíràn á fi físíìsì kún un. Àwọn kọ́ọ̀sì yìí tò léra bí àkàsọ̀ ni. Ẹni tí kò bá yege nínú kẹ́mísírì kìíní, kò lè wọ ìkejì. Ọmọ tó bá sún wọn di ọdún kejì lè fi ọdún kan gbáko kún un, owó ilé àti oúnjẹ ọdún náà, ọrùn òbí ló ń bọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ọmọ kọ́kọ́ mú yunifásítì 2 tàbí 3, kó wo ASSIST lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n to kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú èyí tí yunifásítì ìjọba gbà dípò tirẹ̀. Ohun tí Davis fẹ́ lè yàtọ̀ sí ti Berkeley. Kó mú ìwé náà lọ bá olùdámọ̀ràn kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní gbogbo sáà.

Ẹ̀ka 6 nínú University of California, tí Davis àti Riverside wà lára wọn, ní àdéhùn ìgbàwọlé tí wọ́n ń pè ní TAG. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń gba ìwé rẹ̀, ẹ̀ka kan ṣoṣo lèèyàn sì lè mú. Berkeley àti Los Angeles kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìwọlé gan-an láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó, ẹ ní kí ọmọ fi ètò kọ́ọ̀sì sáà 4 ránṣẹ́ sí yín. Bí kò bá tíì ní, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe é ná. Owó wa ò ní ṣòfò o.