Ìkànnì ilé-iṣẹ́: ohun tó yẹ kó wà lórí àtẹ, àti èyí tó yẹ ní yàrá

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń wo ọjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń fi rìsíìtì àti ìwé ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ló mọ ibi tí wọ́n ń kó àwọn fáìlì wọ̀nyí sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Oríṣi iṣẹ́ méjì ni ìkànnì ń ṣe. Bí oníbàárà bá fẹ́ mọ iye tó kù nínú owó rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń béèrè kó tó dáhùn. Àmọ́ àwọn fáìlì kan wà tí kì í yí padà nítorí ẹnikẹ́ni: àmì ilé-iṣẹ́, àwòrán ọjà, àti fáìlì tó ń fún ojú ìwé ní àwọ̀ àti ìrísí. Fódà ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń kó ìwọ̀nyí sí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní “static” tàbí “public”. Sọ́fítíwíà bíi Apache, tàbí nginx tí Igor Sysoev, ọmọ Rọ́ṣíà, gbé jáde lọ́dún 2004, ló máa ń pín wọn, tí ètò tó ń ṣírò kò ní í ṣe wàhálà kankan. Owó ni èyí ń dín kù, nítorí kọ̀ǹpútà kékeré kan lè dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Fódà yìí dà bí àtẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń kọjá lọ lè mú ohun tó wà lórí rẹ̀ wò, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè ẹni tó jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìwé ìdánimọ̀ oníbàárà, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ owó tàbí fáìlì pásíwọ́ọ̀dù dé ibẹ̀. Àwọn kan rò pé kò sẹ́ni tó lè mọ orúkọ fáìlì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wà tó ń méfò orúkọ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Lóṣù karùn-ún ọdún 2019, àṣírí tú pé ẹni tó bá ní líǹkì ìwé kan lórí ìkànnì First American Financial, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ilé àti ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lè yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà, kí ìwé ẹlòmíràn sì jáde. Fáìlì bíi mílíọ̀nù 885 ló wà ní gbangba. Lọ́dún 2021, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò níbẹ̀ bu owó ìtanràn dọ́là 487,616 lé e, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti rí àlébù náà ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá àgbà kò gbọ́.

Sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ lè ní ihò. Lóṣù kẹwàá ọdún 2021, wọ́n rí i pé Apache 2.4.49 lè jẹ́ kí èèyàn gba inú fódà ìta bọ́ sí àwọn fódà mìíràn. Àtúnṣe àkọ́kọ́, 2.4.50, kò tó, 2.4.51 ló dí ihò náà.

Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sọ pé ìtanràn ilé-iṣẹ́ ńlá lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣí fódà ìta níwájú òun, kó fi ìwé oníbàárà sí ibòmíràn tí ètò yóò ti máa yẹ ẹni tó ń béèrè wò, kó sì máa ṣe àtúnṣe sọ́fítíwíà lásìkò.